Kẹ́hìndé Kì í Ṣe Ẹ̀dà Táíwò

Inú máa ń tètè bí mi, gbogbo ọ́físì wa ní Sábó ló mọ̀. Èmi Haleemah ni mò ń tọ́jú dátábéèsì tí àwọn ilé ìwòsàn kan ń kó orúkọ àti ìtọ́jú aláìsàn sí. Tí mo bá ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má pa nǹkan rẹ́ láìkọ́kọ́ wo ohun tó fẹ́ pa rẹ́, wọ́n á ní Àǹtí ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ọláolú tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún wa ni mo máa ń bá wí jù. Ọwọ́ ẹ̀ yá, orí ẹ̀ pé, àmọ́ kò ní sùúrù. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ní òun fẹ́ gbá dátábéèsì mọ́, torí orúkọ àwọn aláìsàn kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí kọ̀ǹpútà wá ibi tí orúkọ bàbá, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà fóònù ìyá bá ti bára mu, kó fi ọ̀kan sílẹ̀, kó pa ìkejì rẹ́. Kò wo àwọn tó fẹ́ pa rẹ́ rárá. Ó tẹ̀ ẹ́, ó lọ ra búrẹ́dì. Ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé, ó gbàgbé pé àwa là ń bí ìbejì!

Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì kan fi pè wá láti Mushin. Ìyá kan tó ń jẹ́ Sìmíátù gbé Kẹ́hìndé wá, ara ọmọ ń gbóná janjan. Táíwò wà nínú kọ̀ǹpútà, Kẹ́hìndé ò sí. Oògùn kan wà tí wọ́n fún ọmọ yìí rí tí ojú ẹ̀ wú, tí kò lè mí dáadáa. Ìyá ẹ̀ ò rántí orúkọ oògùn náà, inú kọ̀ǹpútà nìkan ló wà. Dókítà ò fẹ́ ṣèèṣì tún fún un, ló bá ń dúró dè wá.

Mo jágbe mọ́ Ọláolú bó ṣe ń gbé búrẹ́dì wọlé. Ó fẹ́ da ẹ̀dà dátábéèsì tí a fi pa mọ́ lánàá bo èyí tó ń ṣiṣẹ́. Mo gbá ọwọ́ ẹ̀ kúrò, torí gbogbo iṣẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ṣe láàárọ̀ yẹn ni ì bá bá a lọ. Orí kọ̀ǹpútà mìíràn la tú u sí, bí mo ṣe máa ń tú u wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ṣí. A rí Kẹ́hìndé, mo sì ka orúkọ oògùn náà fún nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà la wá jókòó ti àwọn ìbejì yòókù, tá à ń dá wọn padà.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì tún pè. Oògùn mìíràn ti ṣiṣẹ́, ara Kẹ́hìndé ti ń rọlẹ̀, ó ti ń mu ọmú. Ìyá ẹ̀ fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wá orúkọ ọmọ òun rí. Mo gbé fóònù fún Ọláolú. Sìmíátù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un pé Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ parẹ́ láyé. Mo rò pé á kàn ṣe àmín ni.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà,” ló wí, “èmi gan-an ni mo pa orúkọ ẹ̀ rẹ́, àti ti àwọn ìbejì mìíràn. Mi ò wò ó kí n tó ṣe é.”

Obìnrin náà béèrè bóyá orúkọ ọmọ òun ti padà. Ọláolú ní ó ti padà.

“Àwọn ìbejì tó kù ńkọ́?”

“Gbogbo wọn ti padà, mà.”

“Ó dáa. Ṣe àmín.”

Ó ṣe é, omi ń bọ́ lójú ẹ̀.