Ìràwọ̀ Tó Wà Lẹ́yìn Eruku

"Ìwọ ni mo fi ìràwọ̀ mi hàn, Ayọ̀rìndé. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani."

Ayọ̀rìndé rọra gbé ìgò mínírà rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. "Dùnmínínú, èmi lò ń pè lólè? Wọn kì í jalè ní ulé wa l'Ìyìn o!"

Ta ni ì bá tún fura sí? Aláriwo ni Ayọ̀rìndé, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ nínú ọkọ̀ láti Ìyìn títí wọ Adó. Ó sì ti pẹ́ tí Dùnmínínú ti ń wá ìràwọ̀ kan ṣoṣo yìí. Ẹ̀rọ kan lójú sánmà ló rí ìtànṣán gámà, ìmọ́lẹ̀ alágbára tí ojú lásán ò lè rí, tó ń bù yẹ̀rì, ṣùgbọ́n kò lè tọ́ka sí orísun rẹ̀ gan-an. Agbègbè kan ló fà lé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lọ́wọ́, ìràwọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀ bí iyanrìn. Dùnmínínú ni yóò mọ èyí tó ń ṣe é nínú wọn, òun ni wọn yóò sì fi sọ ọ́ di ọ̀mọ̀wé. Àfi bí àwọn kan lókè òkun ṣe kéde rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ yìí, wọ́n ní àwọn làwọn rí i. Inú ń bí i.

"Ọ̀gá wa ńkọ́?" Ayọ̀rìndé bi í.

"Ọ̀mọ̀wé Bámgbóyè? Mú ẹnu ẹ kúrò lára baba yẹn!" Baba jẹ́jẹ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà nínú iṣẹ́ náà, tí kì í pa Máàsì òwúrọ̀ jẹ! Òun gan-an ló pè é láàárọ̀ pé, "Ọmọ mi, ṣọ́ ọ̀rẹ́ ẹ yẹn o."

"Ó dáa. Èwo ni wọ́n kéde? Ṣé èyí tó tàn yòò tó o fi hàn mí yẹn?"

Dùnmínínú ronú padà. Lóòótọ́, èyí tó tàn yòò ló fi han Ayọ̀rìndé. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwòrán ínfíráréèdì dé, irú èyí tó ń ríran kọjá eruku ojú ọ̀run, ó sì rí i pé èyí tó tàn yẹn ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Òmíràn tó ṣe bàìbàì, tó fara pamọ́ sẹ́yìn eruku, ló máa ń tàn sí i nígbàkígbà tí ìtànṣán gámà bá bù yẹ̀rì. Òun ni wọ́n kéde. Ẹnì kan ṣoṣo ni Dùnmínínú sì fi èyí hàn. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀mọ̀wé Bámgbóyè ni.

"Ọmọ mi, ṣé ọmọkùnrin yẹn ti jẹ́wọ́?"

Dùnmínínú wo Ayọ̀rìndé, ìtìjú bò ó. "Rárá, sà. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ẹni tó ṣe é. Ìràwọ̀ ẹ̀yìn eruku ni wọ́n kéde, sà. Ẹ̀yin nìkan ni mo fi hàn."

"Ọmọ mi, má tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni," baba náà yára wí.

"Èmi àti Ayọ̀rìndé ń bọ̀ ní ọ́fíìsì yín báyìí, sà."

Ó pa fóònù náà. "Jọ̀ọ́, má bínú," ó wí.

"Mo ń bínú o," Ayọ̀rìndé dáhùn, ó sì mú ìgò mínírà rẹ̀. "Bọ́ síwájú, jẹ́ ká lọ."