Motọ́lání Kò Kọ Ẹ̀yìn sí Ọ̀gá

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ ni ọ̀gá àgbà, Mìsíìsì Akíntáyọ̀, wá wo ìlà nọ́ńbà tí Tíṣà Gbéminíyì fi ṣọ́ọ̀kì fà sí àgbàlá ilé-ìwé wọn ní Ogida, ní Benin, kí àwọn ọmọ lè máa rìn lórí rẹ̀ ṣe ìṣirò. Àbúdù tó ń tọ́jú ọgbà gbé korobá omi tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ti là á mọ́lẹ̀: bí kò bá rí ọmọ kan tó lè fi ìrìnkúrìn yìí ṣàlàyé ìṣirò, Àbúdù yóò fọ ìlà náà dànù, kálukú á sì padà sórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ̀rù ń ba Gbéminíyì. Láti ìgbà tó ti fa ìlà yẹn, kò sẹ́ni tó tún sùn ní kíláàsì rẹ̀, àfi òun fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Òfin rẹ̀ kò le. Ẹni tó bá fẹ́ ro nǹkan pọ̀ á kọjú sí ìhà Ring Road, níbi tí nọ́ńbà ti ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ yọ á kọjú sí ògiri. Nọ́ńbà lásán, rìn síwájú. Nọ́ńbà tó ní máínọ́ọ̀sì, fi ẹ̀yìn rìn.

"Mẹ́ta, yọ máínọ́ọ̀sì mẹ́rin," ni ọ̀gá wí. Ó lọ dúró gbọingbọin sórí mẹ́wàá kí ó lè rí i dáadáa.

Motọ́lání ni wọ́n pè, ọmọ oníṣòwò aṣọ kan ní Oba Market. Yorùbá yé e, Pidgin ló fi ń fèsì. Ó dúró lórí mẹ́ta, ó kọjú sí ògiri. Ó ku kí ó fi ẹ̀yìn rìn, ló bá bojú wẹ̀yìn, ó rí ọ̀gá. Ó yí padà, ó kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, ó sì rin ẹsẹ̀ mẹ́rin síwájú. Ó bá ara rẹ̀ lórí méje.

Inú Gbéminíyì bàjẹ́. Ọmọ ti rú òfin.

"Ta ló ní kí o yí padà?" ni ọ̀gá bi í.

"Ma, I no fit use back waka come meet you. My mama go flog me."

"Òfin tíṣà rẹ ńkọ́?"

"Na the same place, ma. Face wall, waka back, na seven. Face you, waka front, na seven."

Ọdún méjìlélógún ni ọ̀gá fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kó tó di ọ̀gá àgbà. "Máínọ́ọ̀sì méjì di ìròpọ̀, ẹ há a sórí" ni gbogbo àlàyé tó ní. Ó bọ́ bàtà. Ó lọ sórí mẹ́ta, ó kọjú sí ògiri, ó fi ẹ̀yìn rin ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó wo ilẹ̀. Ó padà, ó tún fi iwájú rìn ín.

"Àbúdù, gbé omi yẹn wá."

Àbúdù gbé korobá náà dé.

Ọ̀gá gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ṣọ́ọ̀kì ti bo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. "Bu omi sí i fún mi," ó ní. "Rọra o, má jẹ́ kó kan ìlà."