Omi Tí A Mu Léṣìí

Ẹ má wò mí pé mo ti darúgbó báyìí. Nígbà tí agbára ṣì wà, ẹnu mi mú ju abẹ lọ, kò sì sí ọkùnrin kan nínú ilé ọkọ mi tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ogun Hítílà ń lọ lọ́wọ́ ni ìjọba rán ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Olúsọjí wá láti Ìbàdàn sí abúlé wa, láàárín Ìkọ̀lé àti Òkè-Àkò, pé kó wá wádìí ohun tó ń fa sòbìà. Ilé mi ni wọ́n fi í wọ̀ sí, torí pé opó ni mí, yàrá ọkọ mi sì ṣófo. Ojoojúmọ́ ló ń bu omi adágún sínú ìgò, tó ń fi awò kan tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, tó sì ń kọ orúkọ ẹni tí sòbìà mú sínú ìwé. Wọ́n sọ ọ́ ní Olómi-Ìgò. Èmi náà bá wọn pè é bẹ́ẹ̀, n ò ní purọ́.

Ó lo oṣù mẹ́ta kó tó sọ ohun tó rí. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ìgbà tí a ń kọ ebè iṣu ló sọ ọ́, ìgbà náà gan-an sì ni sòbìà máa ń yọ. Ìdajì àwọn ọkùnrin wà nílé, ẹsẹ̀ wọn wú. Lọ́jọ́ ọjà ló dìde, ó ní inú omi adágún wa la ti ń mu sòbìà. Ó ní kòkòrò kéékèèké tí ojú lásán kò rí ló wà nínú omi náà, béèyàn bá mu ún, ó tó ọdún kan kí sòbìà tó yọ. Ó ní ká máa fi aṣọ sẹ́ omi ká tó mu ún.

Ọ̀rọ̀ bá di ìjà. Wọ́n ní òun tó ń ki ìgò bọ omi lójoojúmọ́ ló bu nǹkan burúkú sí i. Ògúntóyìn, àbúrò ọkọ mi, ló bínú jù. Sòbìà mẹ́ta yọ sí i lẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo, iṣu rẹ̀ sì wà nílẹ̀ tí kò rẹ́ni bá a gbìn ín. Wọ́n sọ òkúta lu òrùlé mi, wọ́n fọ́ ìgò mẹ́rin. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ kejì, níwájú Ọlọ́jà tó jẹ́ olórí wa, àwọn yóò dáná sun ìwé rẹ̀, àwọn yóò sì lé e lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo bá a níbi tó ti ń di ẹrù. Ó ní lílọ kọ́ ló dun òun. Ìwé yẹn ló ká òun lára, torí bó bá jóná, àwọn tó ń bú òun náà ni yóò tún máa mu omi yẹn lọ. Ó wá bi mí pé kí ló dé tí èmi nìkan kò ní sòbìà nínú agbo ilé wa. Mo pòṣé. Mo ní ṣé ó fẹ́ kó yọ sí mi ni?

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "níbo lẹ wà ní irú àkókò yìí léṣìí?"

Ìkọ̀lé ni mo wà. Morìnsọ́lá ọmọ mi bímọ, mo lọ bá a wẹ ọmọ, ẹ̀ẹ̀rùn sì tán kí n tó padà wálé. Bí mo ṣe rántí ni mo gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, mo tú u. Mo ní kò sẹ́ni tí yóò lé àlejò mi.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí àlejò wọ̀ sí lọ́dọ̀ ló ń bá a rojọ́. Nígbà tí mo dìde níwájú Ọlọ́jà, Ògúntóyìn ní kí n jókòó. Mo ní, "Ọkọ mi, mo kí yín o, ṣùgbọ́n n ò ní jókòó." Mo kúnlẹ̀ kí Ọlọ́jà, mo sì ní kí gbogbo ìyá tó lọ wẹ ọmọ nílùú mìíràn lẹ́ẹ̀rùn èṣí jáde. A jẹ́ márùn-ún. Ìyá Níkẹ́ lọ sí Ìsàn, àwọn mìíràn lọ sí Ọ̀yẹ́ àti Ìdó. Mo ní ká ká ìró sókè dé orúnkún. Nínú ẹsẹ̀ mẹ́wàá, a ò rí ojú egbò kan.

"Àwa tí a ò mu omi adágún léṣìí nìyí," mo wí. "Ọmọ yìí kò sì tíì dé nígbà yẹn. Ta ló wá bu sòbìà sómi fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ mu ún?"

Ọlọ́jà wo ẹsẹ̀ wa títí ojú fi ń tì wá. Ó ní kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí, èyí tí a kò tilẹ̀ ké sí ló wá fúnra rẹ̀, òkúta la sì fi kí i. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìwé náà, kí ọmọ náà dúró títí iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi parí. Ara tù mí pẹ̀sẹ̀. Olúsọjí dọ̀bálẹ̀, kò sì tètè lè dìde, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo fà á dìde, mo ní kó nu ojú rẹ̀.

Ògúntóyìn tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá gbójú sókè.

"Ọmọ, èyí tí mo mu láàárọ̀ yìí ńkọ́?"

"Bí kòkòrò bá wà nínú rẹ̀, bàbá, irú àkókò yìí lọ́dún tó ń bọ̀ ni yóò yọ."

Ògúntóyìn yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ó ní kó tú gèlè orí rẹ̀, kó sáré lọ fi sẹ́ omi inú àmù kí àwọn ọmọ tó ti oko dé.