Ìpè Tí Kò Wọlé

Ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́rin ló wà lójú fóònù nígbà tí Pamílẹ́rìn dúró lójúde. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó ku méjì. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tí wọ́n to sítóòfù àti garawa omi sí lápá kan, ó ku ẹyọ kan. Nígbà tó máa fi dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá tó gbẹ̀yìn, ẹyọ kan náà ti pòórá.

Fóònù kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì ni, irú èyí tí àwọn àgbà ń lò, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fi ń yẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò. Kò yà á lẹ́nu pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà kú. Ohun tó ń já a láyà ni pé ó mọ yàrá náà. Ó ti sùn níbẹ̀ rí, lórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ebinimi ọ̀rẹ́ rẹ̀, lọ́dún tí àgbàrá wọ ilé tiwọn.

Àdírẹ́sì mẹ́tàdínlógún ni ọ̀gá rẹ̀, Kenechukwu, fi ránṣẹ́ sí i láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti àwọn oníbàárà tó ń ráhùn pé ìpè kì í wọlé mọ́. "Lọ wọ̀n ọ́n," ni ọ̀gá náà wí, "kí o sì kọ ọ́ pé fóònù wọn ló ti gbó. Simple." Nígbà tí Pamílẹ́rìn rí orúkọ òpópónà àwọn Ebinimi níwájú àdírẹ́sì kẹsàn-án, ó gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀ pé kí bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kó kúrò.

Kò tíì kó kúrò.

"Pamí, wọlé now. Kí lo dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣe bí àlejò?"

Tamuno, bàbá Ebinimi, jókòó sétí ibùsùn nínú síńgílẹ́ẹ̀tì funfun. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń já ẹrù ọkọ̀ òkun ní èbúté Àpápá. Irùngbọ̀n ti bo àgbọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ṣì fẹ̀. Orí èjìká yẹn ló máa ń gbé Pamílẹ́rìn àti Ebinimi sí nígbà tí omi bá kún àdúgbò, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí bàtà ilé-ìwé wọn má bàa rin.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ìyá Ebinimi ti jáde. Ṣé wàá mu omi?"

"Rárá, sà. Iṣẹ́ ni mo bá wá." Ó wo ojú fèrèsé. Oòrùn ti ga. Ọjọ́rú ni. "Ẹ ò lọ sí èbúté lónìí?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Wọn ò pè mí mọ́."

Pamílẹ́rìn kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Ó tẹrí ba sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan níbẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì bá irú òun pàdé. Oṣù méjì rèé tí òun ò tíì gbàgbé. Lọ́jọ́ náà, ó dúró nínú ṣọ́ọ̀bù ilé-iṣẹ́ wọn ní Àpápá, ní ẹ̀gbẹ́ GRA, pẹ̀lú Kenechukwu àti àlejò méjì láti olú ilé-iṣẹ́, àwọn tó wá kí òun kú iṣẹ́. Bàbá yìí wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tí gíríìsì ti bà jẹ́. Ó rí i, ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, "Pamí, ọmọ mi." Àwọn àlejò yíjú. Pamílẹ́rìn sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ pé, "Sir, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ tò sórí ìlà." Nígbà tó kan bàbá náà, Pamílẹ́rìn gba fóònù kékeré rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní bátìrì ló ti kú, kó lọ ra òmíràn. Ó mọ̀ pé kì í ṣe bátìrì.

"Ta ni kì í pè yín mọ́, sà?"

"Chukwuma, fọ́máànù wa." Tamuno na ọwọ́ mú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò wọ̀ ọ́, ó kàn gbé e lé itan. "Twenty years we dey together. Tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, á pè mí ní ìdájí, èmi á lọ, a ó jọ ṣiṣẹ́. Tí o ò bá gbé e, á pe ẹlòmíì. Three months now, no call. Mo lọ bá a ní Coconut, níbi táwọn tírélà ń dúró sí. Ó ní òun pè mí, òun pè títí, wọ́n ní nọ́ńbà mi wà ní pípa. Fóònù tí mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Bátìrì tuntun tí ìwọ ní kí n rà. Tí mo bá jáde síta, mo lè pe Ebinimi ní Yenagoa, á gbé e, a máa sọ̀rọ̀ dáadáa. Báwo ló ṣe máa wà ní pípa?"

Ó wolẹ̀.

"Mo ní onírọ́ ni. For everybody front. Mo ní nítorí n kì í ṣe Ìgbò bíi tirẹ̀ ló ṣe fi iṣẹ́ mi fún ẹlòmíì."

Nínú ilé náà, ẹnì kan ń gún ata. Pamílẹ́rìn na ọwọ́.

"Ẹ fún mi ní fóònù yín, sà. Ṣé ó wà ní títàn?"

Ó wà ní títàn. Iná ojú rẹ̀ mọ́ kedere lórí àtẹ́lẹwọ́ bàbá náà. Pamílẹ́rìn mú fóònù ńlá tirẹ̀ jáde, ó pe nọ́ńbà náà, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè gbọ́. Obìnrin inú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ lédè òyìnbó, ó fara balẹ̀ sọ ọ́: nọ́ńbà tí ẹ ń pè wà ní pípa.

Tamuno wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Iná rẹ̀ ṣì ń tàn.

"Pè é again."

Ó tún pè é. Obìnrin náà tún wí bákan náà.

Pamílẹ́rìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. "Bí wọ́n bá ń lu orin ní àdúgbò kejì, sà, kí lẹ máa ń gbọ́ nínú yàrá yìí?"

"Gbì, gbì, gbì. Na only that one."

"Ẹ kì í gbọ́ ohun tí olórin ń sọ. Ohùn tó wúwo ló ń gba ara ògiri wọlé, èyí tó tín-ín-rín á dúró síta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbì tí fóònù fi ń sọ̀rọ̀ ṣe rí. Èyí tó wúwo ń rìn jìnnà, ó ń wọlé, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Ìwọ̀nba bíńtín tí ìjọba pín fún wa ni. Fóònù bíi tiyín ló ń lò ó tẹ́lẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n gbà á, wọ́n fún 4G, èyí tí wọ́n ń pè ní LTE, nítorí àwọn ará GRA tí fídíò wọn ń já. Wọ́n wá fi ìgbì tí kì í gba ara ògiri sílẹ̀ fún fóònù tiyín. Ìdí nìyẹn tó fi ń dára níta, tó sì ń kú nínú ilé."

Wọ́n gbà á. Wọ́n fi sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ni wọ́n, ṣùgbọ́n odindi èèyàn lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ta ló jókòó síwájú máàpù ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn? Ta ló rí i pé nínú fóònù mẹ́ta ní Ajégúnlẹ̀, ọ̀kan jẹ́ oní-tọ́ọ̀ṣì, tó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé díẹ̀ làwọn tó máa kàn? Pamílẹ́rìn tilẹ̀ ti ṣírò rẹ̀ pé bí wọ́n bá fi ẹ̀là tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ nínú ìgbì tó wúwo náà, yóò tó àwọn àgbà fún ìpè, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ ọ́n lára ní GRA. Ó yọ ìṣirò yẹn kúrò. Ìṣirò náà kò jẹ́ kí àbájáde rẹ̀ dán tó bó ṣe fẹ́. Ìwé yẹn ni wọ́n torí rẹ̀ gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́.

"So Chukwuma no lie," ni Tamuno wí.

"Kò parọ́, sà."

Bàbá náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó de bọ́tìnnì tán. Pamílẹ́rìn ní kó gba fóònù òun kó fi pe Chukwuma, bàbá náà mi orí pé rárá.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà." Lẹ́yìn náà, ó wo ojú ọmọbìnrin náà, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Má banú jẹ́, ọmọ mi. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Iṣẹ́ ni wọ́n rán ẹ."

Ó ti ṣílẹ̀kùn àwáwí fún un. Ohun tó kù ni kó gbà á kọjá. Pamílẹ́rìn dúró, ó fẹ́ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ló mú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé yín dé Coconut, sà."

Nínú ọkọ̀, bàbá náà ní kó rọra, kòtò wà níwájú. Ní Coconut, tírélà tò lọ bí ilé. Lábẹ́ tapólì kan, àwọn ọkùnrin bíi mẹ́fà jókòó lórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn gbójú sókè, ó rí Tamuno, ó sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Chukwuma nìyẹn.

Tamuno ṣí fìlà. Kò pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibi tó ti bú u ló dúró sí, níwájú gbogbo wọn.

"Chukwuma, you call me. I no hear am. The network no dey enter my room. I call you liar, I carry tribe put for the matter. I dey beg you." Ó tẹrí ba, ó fi ìka ọwọ́ kan ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí epo ti sọ di dúdú. Bàbá tó tó ẹni ọgọ́ta ọdún.

Chukwuma jẹ búrẹ́dì ẹnu rẹ̀ tán. "I call you sotey my wife say make I leave you," ló wí. "I tell am say you no be that kind person. Then you come here come abuse me." Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. Ó wo Pamílẹ́rìn, ó wo káàdì ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀. "Madam, na who do the network like this?"

Kò sẹ́ni tó ń wò ó pẹ̀lú ìbínú. Ìbéèrè lásán ni. Ó lè fi ọ̀rọ̀ kékeré náà, "wọ́n", dáhùn rẹ̀, kí àwọn ọkùnrin náà sì máa bá oúnjẹ wọn lọ.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi ni mo ya máàpù ẹ̀. Mo rí i pé ìpè ò ní máa wọ ilé àwọn tó ń lo fóònù kékeré. Mo rí i, mo sì kọ ọ́ pé wọn ò pọ̀."

Ọ̀dọ́kùnrin kan pòṣé. Tamuno ti nàró. Ó yíjú sí i díẹ̀díẹ̀.

"Ọjọ́ tí mo wá sí ṣọ́ọ̀bù yín. O ti mọ̀ nígbà yẹn?"

"Mo ti mọ̀, sà."

"Àti èmi. O mọ̀ mí?"

Omi ti kún ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ sunkún. Ẹkún yóò sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n á máa rẹ̀ lẹ́kún. "Mo dá yín mọ̀, sà. Kí ẹ tó pe orúkọ mi ni mo ti dá yín mọ̀."

Bàbá náà fi ọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀. "Ìyá Ebinimi bínú lọ́jọ́ yẹn," ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo sọ fún un pé irùngbọ̀n mi ni kò jẹ́ kí o dá mi mọ̀. Mo bá a jà lórí ẹ̀."

Chukwuma sún lórí bẹ́ńṣì, àyè ẹnì kan ṣí sílẹ̀, Tamuno jókòó. Ẹnì kan ti àwo ẹ̀wà sọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí Pamílẹ́rìn jókòó, kò sì sẹ́ni tó ní kó máa lọ.

Ó padà sínú ọkọ̀. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó kọ àbájáde àyẹ̀wò, ó wá ìṣirò tó yọ kúrò lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn jáde, ó tò ó sínú rẹ̀, ó sì kọ orúkọ ẹni tó ṣe àṣìṣe náà síbi tó ti yẹ kó wà. Ó fi ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tíì pé tí Kenechukwu fi pè é.

"Pamílẹ́rìn, kí lo kọ yìí? Ṣé kì í ṣe fóònù wọn ni?"

"Rárá, sà. Fóònù wọn dára."

"Nobody asked you to put your name. Máa bọ̀ ní ọ́fíìsì. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹ, ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìṣirò yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ló máa gbà láti tún un ṣe."

Nígbà tó gbójú sókè, àwọn ọkùnrin náà ti ń dìde, ọkọ̀ kan ti gúnlẹ̀, wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́. Tamuno wà láàárín wọn, Chukwuma ń sọ nǹkan fún un, ó ń gbọ́. Wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Bàbá náà rí i. Ó mi orí sí i lẹ́ẹ̀kan, bí èèyàn ṣe ń kí ẹni tí a bá pàdé lọ́nà, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Pamílẹ́rìn jókòó, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kò yí i. Láti oṣù méjì wá, ó ti rò pé ọjọ́ tí òun bá jẹ́wọ́ ni ìtìjú náà yóò bọ́ lára òun. Ó ti jẹ́wọ́ o, kò bọ́. Ṣùgbọ́n kò tún ń wá ẹni tí òun lè gbé ẹ̀bi náà kọ́ lọ́rùn mọ́.