Ọ̀pá Sítíárìn Tí Ọ̀gá Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Jó

Bí kì í bá ṣe ti òkìtì yanrìn àwọn oníbúlọ́ọ̀kù, inú gọ́tà ni ọkọ̀ Àbdùlsàmàd ì bá sùn lọ́jọ́ Ajé náà. Ọkọ̀ eré-ìje onílẹ̀kùn méjì ni, pupa, ó ti dàgbà, ẹni tó ni ín sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ kéèyàn fẹ́ràn irin lọ. Ó ń yà kúrò lójú títì márosẹ̀ wọ àdúgbò Lotto, ó yí sítíárìn, sítíárìn yí, àmọ́ táyà ò yí. Ó tún yí i, ó kàn ń yí lófìfo bí ìdérí ìgò tó ti bó. Ọkọ̀ bá lọ tààrà, ó forí sọ yanrìn. Ikram, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sunkún títí, ṣùgbọ́n nǹkan kan ò ṣe é.

Wọ́n ti ọkọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀bù Mọ́fẹ́yìsára, tí kò jìnnà síbẹ̀. Mẹkáníìkì ni Mọ́fẹ́yìsára, obìnrin sì ni. Àwọn ọkùnrin kan ṣì wà tí wọ́n á débẹ̀, tí wọ́n á máa bi í pé mẹkáníìkì dà. Kì í dá wọn lóhùn mọ́, bọ́nẹ́ẹ̀tì ló máa ń ṣí. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú ọ̀pá sítíárìn jáde, ìyẹn irin tó ń gbé ohun tí ọwọ́ awakọ̀ bá sọ dé ọ̀dọ̀ táyà. Jọ́ìntì kan wà lára rẹ̀ tó ń jẹ́ kó lè tẹ̀, bí ọrùn ọwọ́. Jọ́ìntì yẹn ló ṣẹ́. Nígbà tó fi pẹtiróò fọ gíríìsì kúrò, ó rí i pé ẹnì kan ti fi iná jó o mọ́ ọ̀pá rí, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó gan-an ló sì ti là.

Ó mọ ọwọ́ tó jó o. Ojú jíjó náà tò tẹ̀ léra wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí irun tí wọ́n di, kò sì sí ẹlòmíràn láti Ibafo títí dé Ifo tó ń jórin báyẹn àfi Ọ̀gá Ọmọlabí, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ fún ọdún márùn-ún.

Òfin kan wà láàárín àwọn mẹkáníìkì wọ̀nyí. Lọ́jọ́ fíríídọ̀mù, bí ọmọ iṣẹ́ bá ti kúnlẹ̀ níwájú ẹgbẹ́, wọ́n á kì í nílọ̀ pé bí iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ bá bàjẹ́ dé ọwọ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta, kó gbé e padà fún ọ̀gá. Òfin tó dára ni, títí di ọjọ́ tí kò bá dára. Mọ́fẹ́yìsára pe Ọ̀gá lórí fóònù. Ọ̀gá ní kó máa gbé e bọ̀, òun á tún un jó. Àbdùlsàmàd náà fara mọ́ ọn. Olùkọ́ ni ní Ibogun, ó ní ọdún méjì gbáko ni ọ̀pá yẹn fi ń gbé òun lọ síbi iṣẹ́ tí kò fapá jánú.

Mọ́fẹ́yìsára nìkan ni ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi àpò sìmẹ́ǹtì wé ọ̀pá náà, ó gba Ifo lọ, ó sì ti pinnu pé iná kò ní kan irin yẹn mọ́. Ẹ̀rù ń bà á o. Nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ ń sọ pé ọmọbìnrin tó ń fẹ̀yìn gbálẹ̀ lábẹ́ mọ́tò kò ní já mọ́ nǹkan kan, Ọ̀gá Ọmọlabí ló dúró bíi bàbá fún un. Bí Ọ̀gá bá kọ̀ ọ́, kò mọ ibi tó ti máa rí òmíràn.

Ọ̀gá gba ọ̀pá, ó fi àtàǹpàkò pa ojú jíjó náà lára, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé kò rí i pé ibi tí òun jó ò mira, irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ṣẹ́. Òótọ́ ló sọ, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Mọ́fẹ́yìsára kúnlẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jó o mọ́. Iná ti pa irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò lágbára mọ́. Tẹ́ ẹ bá tún un jó, á tún ṣẹ́, yanrìn sì lè má sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.”

Ojú Ọ̀gá yí padà. Ó ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó bi í pé ta ló kọ́ ọ níṣẹ́.

“Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ̀yin náà lẹ sì sọ pé mọ́tò tá ò lè gbé ọmọ tiwa sí, ká má gbé e fún kọ́sítọ́mà.”

Ọ̀gá ti ọ̀pá padà sínú àpò, ó ní kó máa gbé e lọ, kó sì gbàgbé ọ̀nà Ifo. Mọ́fẹ́yìsára sunkún nínú bọ́ọ̀sì láìtijú ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ń sunkún ló ń fi fóònù wá ibi tó ti máa rí ọ̀pá mìíràn.

Èyí tó kọ́kọ́ rà ní Ládípò, ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, jọ ọ́ bí ìbejì, àmọ́ nígbà tó ka eyín inú rẹ̀, ó fi méjì dín. Ẹni tó tà á fún un ní kó fi hámà lù ú, á wọlé. Ó dá a padà. Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n júwe opó kan fún un ní Ajuwon, Ìyá Bùrẹ́ímọ̀ ni wọ́n ń pè é, tí irú ọkọ̀ náà wà nínú ọgbà rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí adìẹ ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ìyá Bùrẹ́ímọ̀ ní kó tú ohun tó bá fẹ́, kó ṣáà má lé adìẹ òun. Bóòtù ibẹ̀ ti dípẹtà. Mọ́fẹ́yìsára da òróró sí i, ó dúró, ó tún dà á, ó ń tù ú bí ọmọ tó kọ oúnjẹ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, bóòtù gbà fún un, jọ́ìntì tó bọ́ sí i lọ́wọ́ sì le pọ́nkán.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó tọ́ táyà iwájú sọ́nà, ó fi okùn de sítíárìn kó má baà ṣí nípò, ó sì ti ọ̀pá wọlé. Eyín bá eyín mu, ọwọ́ lásán ló fi tì í. Ó fi bóòtù tuntun dè é, ó fi ọ̀dà funfun fa ìlà kọjá lórí bóòtù àti irin, kí ojú lè tètè rí i bó bá ń tú.

Ó ń nu ọwọ́ lọ́wọ́ ni ọ̀kadà kan dúró, Ọ̀gá Ọmọlabí sì sọ̀ kalẹ̀. Mọ́fẹ́yìsára kúnlẹ̀ kí i. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ọkọ̀, ó wò ó títí. Ó wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ó ní kó wà á.

Mọ́fẹ́yìsára wà á dé Ibafo, ó wà á padà. Ó sáré, ó tẹ búréèkì, ó dà á sọ́tùn-ún, ó dà á sósì. Ibi tó bá fẹ́ ni ọkọ̀ ń lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé Lotto, Ọ̀gá kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Mẹ́ta ṣì kù níta,” ló sọ. “Mẹ́ta tí mo jó báyẹn. Ọ̀kan ń gbé àwọn ọmọ iléèwé ní Ibogun. Mi ò rí oorun sùn láti Tuesday.”

Mọ́fẹ́yìsára kò bá a wí, kò sì tù ú nínú.

“Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìyẹn, sà. Ká máa lọ báyìí.”

Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Nínú iṣẹ́ tiwọn, ọmọ iṣẹ́ ní í ru àpótí, ọ̀gá a máa lọ níwájú lọ́wọ́ òfo. Ọ̀gá Ọmọlabí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé èjìká ara rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e.