Ẹni Tí Wọ́n Ní Kò Gbọ́

"Mà, ìdánwò ni mo béèrè. Ẹ̀yin ń sọ ti ìjókòó."

Àwọn tíṣà tó wà nípàdé bú sẹ́rìn-ín. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn fèrèsé, fáànù ń ké lókè orí, ènìyàn mẹ́ta sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Oyèníkẹ́, igbákejì ọ̀gá àgbà ilé-ìwé girama kan n'Ìwó, rí i tí obìnrin tó wá láti ọ́fíìsì ètò-ẹ̀kọ́ kọ nǹkan sínú ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ìtìjú bò ó.

Abọ́dúnrìn, tíṣà ìṣirò, ló béèrè ọ̀rọ̀ náà. Bí sáà yìí bá parí, ọ̀gá àgbà yóò fẹ̀yìn tì, òun tàbí Oyèníkẹ́ ni yóò sì gba ipò rẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí Abọ́dúnrìn ti ṣàkíyèsí pé tí ariwo bá pọ̀, Oyèníkẹ́ kì í mọ ibi tí ohùn ti ń wá, ó sì ti gbà pé adití ni. Yóò rọra pè é láti ọwọ́ òsì nígbà tí àwọn ọmọ bá wà lórí ìlà láàárọ̀; Oyèníkẹ́ yóò wo ọ̀tún; àwọn tíṣà kéékèèké yóò máa fọwọ́ bo ẹnu.

Oyèníkẹ́ yọ́ lọ rí dókítà tó ń tọ́jú etí ní Òṣogbo.

"Ẹ kì í ṣe adití, Mà," ni dókítà wí. "Ọjọ́ orí ni. Tí ariwo bá wà, ó ti ṣòro láti ṣa ọ̀rọ̀ ẹnìkan jáde láàárín ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Níbi tó bá ti parọ́rọ́, ẹ ó gbọ́ dáadáa."

Oyèníkẹ́ kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ pé tí wọ́n bá fi lè gbọ́, ipò ti bọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, àwọn ọmọ ti lọ, iná ti lọ, gbogbo ọgbà dákẹ́. Oyèníkẹ́ ń máàkì ìwé, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Abọ́dúnrìn wọlé pẹ̀lú fóònù létí.

"Ó jókòó síbí, àmọ́ kò lè gbọ́," ló ń wí fún ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. "Èmi ni mo ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Tí mo bá ti dé orí àga yẹn, Ilé-Ogbó ni màá ní kí wọ́n gbé e lọ, kó lọ máa kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi."

Ọkùnrin tó ń dọ̀bálẹ̀ kí i láràárọ̀ ló ń pè é ní "ó" bí ọmọ ọ̀dọ̀. Oyèníkẹ́ kò yíjú padà. Ó máàkì ìwé méjì sí i, ó ṣì wọ́n máàkì, ó sì tún wọn ṣe.

Lọ́jọ́ Ajé, ó pe Abọ́dúnrìn sí kọ̀rọ̀, ó ka ọ̀rọ̀ náà sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nírọ̀lẹ́, Abọ́dúnrìn àti Sodiqat ìyàwó rẹ̀ ti wà nílé Oyèníkẹ́. Ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja, obìnrin kúnlẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ èṣù ni."

Oyèníkẹ́ jẹ́ kí wọ́n bẹ̀bẹ̀ títí ohùn wọn fi há. Ó dùn mọ́ ọn. Kò ní kí wọ́n dìde.

"Mo gbọ́," ló wí níkẹyìn.

"Ẹ ti dárí jì wá, Mà?" ni Sodiqat béèrè.

"Mo ní mo gbọ́ ni, ọmọ mi. Ẹ máa lọ sílé."

Bí wọ́n ti lọ tán, ó kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ètò-ẹ̀kọ́, ó to gbogbo ohun tí Abọ́dúnrìn sọ lórí fóònù síbẹ̀. Àmọ́ wọn ó béèrè bí obìnrin tí kò gbọ́ ìbéèrè nínú ìpàdé ṣe gbọ́ ìyẹn. Ó gbé bíìrò sílẹ̀. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà, ó sì lè gba ipò náà lọ́wọ́ òun náà. Ó ro ti Abọ́dúnrìn lórí àga ọ̀gá àgbà. Ó tún gbé bíìrò.

"Etí mi kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa mọ́ níbi tí ariwo bá wà," ló kọ. Ó kọ orúkọ dókítà náà sí i, àti ọjọ́ tí òun lọ rí i. Ó fọwọ́ sí i. Láàárọ̀, kó tó lọ sílé-ìwé, ó dá ọ̀kadà dúró, ó gbé lẹ́tà náà lọ fúnra rẹ̀.