Ọmọọba Wá sí Gbọ̀ngàn Ọjọ́bọ̀

Mò ń bó pòtétò lọ́wọ́ nínú ilé ìdáná gbọ̀ngàn wa ní Hebblethorpe nígbà tí Clifford já wọlé. Ó di ọwọ́ Hilda ìyàwó rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

"Enid, ṣé òótọ́ ni pé ẹ ti gbà kí ọ̀kan nínú àwọn ajẹ-má-ṣiṣẹ́ ilé ọba yẹn wá síbí?"

"Káàárọ̀ là ń kọ́kọ́ sọ," mo fèsì. "Hilda, olówó orí ẹ ti tún dé pẹ̀lú tiẹ̀ o."

Hilda rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Kò mọ ẹni tí mo jẹ́.

Kíláàsì kan náà làwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jọ kàwé, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fi àgbà han ẹnì kejì. Láti ìgbà èwe ni Clifford ti kórìíra ọ̀rọ̀ ọba. Lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú ń ṣe àjọyọ̀ ìwúyè, òun nìkan ló dúró ní gbàgede ọjà nínú òjò, tó gbé pátákó aláwọ̀ ìyeyè tó kọ "A Ò FẸ́ ỌBA MỌ́" sí lọ́wọ́. Èmi ní tèmi, àwòrán Ọba wà lára ife tí mo fi ń mu tíì, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni. À ń jà lórí ẹ̀ láti ìgbà táwọn ọmọ wa ti ń rákòrò, ṣùgbọ́n bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.

Gbọ̀ngàn yìí ló wá ń dùn wá. Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ làwọn àgbà àdúgbò máa ń wá jẹun níbẹ̀. Ọpọlọ Hilda ti ń gbàgbé nǹkan, ọjọ́ mìíràn á máa pe Clifford ní bàbá òun. Ṣùgbọ́n bí a bá ti jẹun tán ní Ọjọ́bọ̀, tí Norman bá ti jókòó sídìí dùùrù, Hilda á kọrin láìfo ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn orin, á yíjú sí ọkọ rẹ̀, á pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Wákàtí yẹn nìkan ni Clifford fi ń rí ìyàwó rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀.

Káńsù wá ní kò sówó, àwọn máa ti gbọ̀ngàn pa tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá parí. Ọdún mẹ́jọ la ti ń bẹ̀ wọ́n nítorí òrùlé tó ń jò, gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀ la wá ń bẹ̀bẹ̀ fún báyìí. A kọ̀wé, a wọ́de. Clifford lọ sípàdé wọn títí wọ́n fi ní kí ọlọ́pàá mú un jáde.

Àfìgbà tí a gbọ́ pé Ọmọọba Rosalind, ìbátan Ọba, fẹ́ wá ṣí ọsibítù kan nítòsí, á sì yà kí wa. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà làwọn kọ́lékọ́lé gun òrùlé wa. Wọ́n kun ògiri, wọ́n kun ilẹ̀kùn, wọ́n tiẹ̀ kun páìpù. Wọ́n ní àwọn ará ilé ọba gbà pé òórùn ọ̀dà ni gbogbo ayé ń rùn, mo sì wá rí ìdí ẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀, bóyá Ọmọọba lè fẹ́ yà síbẹ̀, wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Clifford lẹni àkọ́kọ́ tó jókòó lé e. Ó tún mú ìwé ìròyìn dání.

Obìnrin kan tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ funfun wá láti ilé ọba, ó kọ́ wa bí a ṣe máa ṣe. "Ẹ má kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá bi yín ní nǹkan, ẹ dáhùn. Ẹ ò gbọdọ̀ tọrọ ohunkóhun o. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀."

"Bí orúnkún tèmi bá tẹ̀," ni mo wí, "ẹ lọ wá ẹni tó máa gbé mi dìde."

Clifford ní ìta lòun máa wà pẹ̀lú pátákó òun. Mo bẹ̀ ẹ́.

"Wọ́n á ya fọ́tò ẹ. Kańsẹ́lọ̀ Pickersgill á ní jàǹdùkú ni wá, á sì fọkàn balẹ̀ ti ibí pa."

"Owó orí ta ni wọ́n fi ń bọ́ wọn, Enid? Owó tí wọ́n máa ná lórí ọlọ́pàá lọ́jọ́ yẹn nìkan, á bọ́ wa dọdún tó ń bọ̀."

"Ta ni ìbá wá wò wá bí kì í bá ṣe ti Ọmọọba? Ṣé ìwọ ni kámẹ́rà máa tẹ̀lé, pẹ̀lú imú ẹ yẹn?"

"Fi imú mi sílẹ̀," ó wí, ó bá tiẹ̀ lọ.

Nígbà tọ́jọ́ pé, ajá àwọn ọlọ́pàá dẹ́rù ba Hilda. Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, kò fẹ́ jù ú sílẹ̀. Bí Clifford ṣe fi pátákó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níta nìyẹn, tó wá tò mọ́ wa, tó fajú ro.

Ọmọọba wọlé. Obìnrin kékeré ni, ó wọ kóòtù aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó sì jọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi gbogbo ayé ló bi wá: "Ṣé ọ̀nà jíjìn lẹ ti wá?"

"Ilé ìdáná ni, mà," ni mo sọ bí òmùgọ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ó bi Clifford náà. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó ti wà lọ́fun rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó wo Hilda. Lẹ́yìn náà ni Clifford tẹ orí rẹ̀ ba fún Ọmọọba. Ojú mi báyìí ló ṣe.

"Rárá, mà. Òdìkejì títì la ti wá. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ibí pa lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, bọ́ọ̀sì méjì la máa máa wọ̀ ká tó débòmíràn, ìyàwó mi ò sì lè wọ ẹyọ kan."

Kò tọrọ ohunkóhun. Ìbéèrè tí wọ́n bi í ló dáhùn. Obìnrin onílẹ̀kẹ̀ funfun di ojú rẹ̀.

Ọmọọba yíjú sí Kańsẹ́lọ̀ Pickersgill. "Ṣé ẹ fẹ́ ti ibí pa ni?" Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bèèrè. Kámẹ́rà gbogbo yí sí Pickersgill.

Ọrùn rẹ̀ pọ́n. "Rárá o, mà! Kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ní ń fọ́. Lọ́jọ́ kejì, kóòtù Ọmọọba gba ààbọ̀ ojú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Pickersgill wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, kò sì lè kó o jẹ mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Hilda kọrin, ó sì pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Nígbà tí mo gbé kọ́sítádì lọ bá wọn, mo fi Clifford ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọ̀gbẹ́ni A-ò-fẹ́-ọba, ṣebí mo rí orí ẹ nílẹ̀?"

"Mo tẹrí ba. Màá tún tẹ̀ ẹ́ lọ́la nítorí tiẹ̀." Ó fọwọ́ pa ọwọ́ Hilda. "Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ la fi bẹ àwọn tá a dìbò yàn, Enid. Ẹni tẹ́nikẹ́ni ò yàn bèèrè lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ìyẹn ò dùn ẹ́?"

"Gbọ̀ngàn ṣáà ṣí."

"Tiwa ṣí. Wọ́n ti ti gbọ̀ngàn Millbeck pa ní Ọjọ́ Ajé."

Mo mọ Millbeck. Ó wà lójú ọ̀nà ọsibítù tuntun yẹn. Àwọn àgbà ibẹ̀ náà máa ń jẹun pọ̀, wọ́n tiẹ̀ pọ̀ jù wá lọ.

"Mọ́tò Ọmọọba gba iwájú gbọ̀ngàn wọn kọjá lọ́jọ́ tó wá síbí," ni Clifford wí. "Kò dúró ni."

Mo gbé ìkòkò kọ́sítádì kalẹ̀, mo bi í pé níbo làwọn àgbà Millbeck ti wá ń jẹun báyìí.